Àwo Dídán Tó Ń Lé Ẹyẹ ní Ìjàn

Ayọ̀túndé tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Bàṣírì kò ríran, ṣùgbọ́n àìríran rẹ̀ kọ́ ló ń yọ mí lẹ́nu. Agídí rẹ̀ ni. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ nǹkan, bí ìgbín lẹ̀ mọ́ igi ni. Ọkọ mi, Bàbá Ẹniọlá, ló mú un wá sílé lọ́dún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òrùlé ilé yìí tán. Ó ní ọkùnrin kan wà tó mọ̀wé, tó ń wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Mo ní ṣé afọ́jú ni yóò wá máa gbé ilé tí kànga wà láàárín ọgbà? Ó ní kí n bo kànga. A bo kànga. Ọkùnrin náà dé, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ìdérí rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ìdérí yín ò tẹ́jú o. Ẹ̀gbẹ́ ibí yìí máa gbé èèyàn ṣubú." Òótọ́ ló sọ. Inú bí mi.

Ìwé títẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀. Bí àwọn wòlíì ìjọ wọn bá wàásù, wọn a gbà á sórí fóònù, Ayọ̀túndé a máa gbọ́ ọ, a máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọn a sì fi ṣe ìwé tí gbogbo ìjọ ń rà níbi àpéjọ ọdọọdún. Ohun tó sọ iṣẹ́ náà di ṣíṣe fún un ni pé kọ̀ǹpútà yẹn ń sọ̀rọ̀. Bó bá tẹ lẹ́tà kan, ẹ̀rọ a pè é. Bó bá tẹ ọ̀rọ̀ kan tán, a kà á sókè. Ohùn òyìnbó kan báyìí ni, tí imú rẹ̀ dí, tó ń pe Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ pe "Olúwa," "Olowaa" ni yóò pè. Láti ilé ìdáná mi ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Nígbà ayé Bàbá Ẹniọlá, a máa sín in jẹ títí omi á fi bọ́ lójú mi.

Bàbá Ẹniọlá ló ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Ògbólógbòó ni, ó wúwo bí ọlọ. Iná tó dé tagbáratagbára lọ́jọ́ kan ló jó ibi tí ohùn ti ń jáde nínú rẹ̀. Ọkọ mi lọ ra káàdì ohùn pélébé kan, ó ní kí wọ́n kì í bọ inú rẹ̀, ohùn sì padà. Káàdì náà bá àwo dídán kan wá, irú èyí tí a fi ń wo fíìmù láyé ìjelòó. Ọkọ mi kó o pọ̀ mọ́ àwọn àwo orin rẹ̀ nínú páálí bàtà, ó ní, "Ìyá Ẹniọlá, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a máa wá èyí." Mo dá a lóhùn pé a ti gbọ́.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ìjàn, wọ́n pín ohun tó fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti í pín in. Kọ̀ǹpútà di ti Ayọ̀túndé, torí òkú fúnra rẹ̀ ti fà á lé e lọ́wọ́ nígbà tó wà láàyè, ta ni yóò sì bá afọ́jú du ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀? Aṣọ lọ, kẹ̀kẹ́ lọ, bàtà lọ. Kí wọ́n tó dé ni mo ti ju dígí kékeré tó fi ń fá irùngbọ̀n sínú báàgì mi. Òun ni mo fi ń wo ojú mi bí mo bá fẹ́ jáde. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àpéjọ kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Kọ̀ǹpútà ń falẹ̀, Ayọ̀túndé sì gbé e lọ fún Ọlálérè tó ń tún wọn ṣe ní Ajílosùn. Ọlálérè gbé e padà wá fúnra rẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Mo ti fọ inú ẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n. Wíńdò tuntun ni mo gbé sí i. Ó ń sáré bí ẹṣin."

Ayọ̀túndé tàn án. Ó dúró. Ó fi orí sún mọ́ ọn.

"Kò sọ̀rọ̀."

"Á sọ̀rọ̀. Ẹ fún un láyè."

A fún un láyè. Mo se ẹ̀bà, a jẹ ẹ́, Ọlálérè náà jẹ níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ọlálérè tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ nímú rẹ̀.

"Díráfà ni kò sí," ó ní.

"Kí ló ń jẹ́ díráfà?"

"Màmá, káàdì ohùn wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Díráfà ló máa ń fi wọ́n mọ ara wọn, bí alárinà. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

Ó fi apá aṣọ nu imú rẹ̀.

"Nígbà tí o ń fọ inú ẹ̀ mọ́," mo ní, "ìwọ lo fọ̀ ọ́ dànù."

"Mo rò pé ti inú Wíńdò tuntun máa tó ni, Màmá."

"O rò."

Láti ọjọ́ yẹn, ṣe la kàn ń rìn lójú kan. Ọlálérè wá díráfà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní àwọn tó ṣe káàdì yẹn ti kógbá sílé. Ó wá òmíràn tó jọ ọ́ rí, ẹ̀rọ ní òun ò gbà. Ó mú ohun kékeré kan wá tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ní ìyẹn ò nílò káàdì rárá. Ohùn jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣe ló ń ta ṣàṣà bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú epo, a ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tirẹ̀. "Màmá, mo wà lọ́nà." Ọ̀nà wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀ láàárín Ajílosùn àti Bàṣírì? Nígbà tó yá, kò gbé e mọ́.

Akọ̀wé ìjọ wọn tuntun, Olúwarótìmí, sì wá. Ó wọ kóòtù nínú ooru. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Bọ̀dá Ayọ̀, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa kó iṣẹ́ lọ fáwọn atẹ̀wé. Bí tiyín ò bá tíì tán, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú yunifásítì máa bá wa tẹ̀ ẹ́, á sì máa jẹ́ tiwọn lọ. Ṣé ẹ rí i..."

"Rárá o," Ayọ̀túndé ní. "Mi ò rí i."

Mo rẹ́rìn-ín, akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń sọ káàkiri láti ọjọ́ tó ti gorí oyè pé ta ló gbé iṣẹ́ ìwé fún afọ́jú. Iṣẹ́ yìí sì ni Ayọ̀túndé fi ń jẹun láti ọdún dé ọdún. Kò ní òmíràn.

Ẹ mọ ohun tí alágídí ṣe? Ó jókòó ti ẹ̀rọ tó ya odi yẹn, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìgbọ́ nǹkan kan. Ó ní ìka òun mọ ọ̀nà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó mú mi kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n mo ń ka Bíbélì Yorùbá mi láìsí àṣìṣe. Ó ní kí n wò ó bóyá ó dára.

"Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ẹnu lè pè," mo ní.

"Ẹ kà á fún mi."

"Kí ni n óò kà? Ó dà bí ẹni pé ewúrẹ́ gba orí ẹ̀ kọjá."

Ìka rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà, bóyá láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohùn tí yóò sọ fún un. Gbogbo ọjọ́ kan ló ṣòfò. Ó gbé ọwọ́ lé orí. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí a sin Bàbá Ẹniọlá.

Níbẹ̀ ni páálí bàtà sọ sí mi lọ́kàn.

"Àwo wà!" mo pariwo. "Àwo tó bá káàdì yẹn wá!"

"Inú ẹ̀ ni díráfà máa wà! Níbo ló wà, Mọ́mì?"

Nígbà tí wọ́n ń pín nǹkan, kò sẹ́ni tó fẹ́ páálí yẹn àfi Adéfúnkẹ́, àbúrò ọkọ mi. Ó gbọn àwọn àwo náà wò, ó ní wọ́n ń dán dáadáa, wọ́n á wúlò lóko ìrẹsì òun. Ohun tí gbogbo wa fi ń lé ẹyẹ nìyẹn: ẹ so àwo dídán mọ́ okùn, atẹ́gùn á máa yí i, oòrùn á máa kọ lára ẹ̀, ẹyẹ á sá.

Bí a ṣe gba Ìjàn lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì nìyẹn, èmi àti ẹni tí kò ríran, nínú mọ́tò tó kún bí àpò gàrí, lẹ́yìn náà lórí ọ̀kadà, èmi láàárín, òun lẹ́yìn, tó di báàgì mi mú bí ẹ̀mí rẹ̀. A ò tíì dé ibi oko tó fi ní, "Mo ń gbọ́ wọn." Àwọn àwo ló ń lu ara wọn. Wọ́n tò lọ lórí okùn láti igi dé igi, wọ́n ń kọ mànà. Adéfúnkẹ́ jókòó sábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú kànnàkànnà.

"Ṣé ùwọ rèé, ìyàwó wa? Kí ló dé tẹ́ ẹ fulé sílẹ̀ wá sóko?"

"Àǹtí Fúnkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, àwọn àwo yín la wá gbà."

Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ó kọ̀.

"Ìrẹsì mi ti fẹ́ gbó. Bẹ́ ẹ bá kó wọn lọ, ta ló máa lé ẹyẹ?"

"Èmi," Ayọ̀túndé ní. "N óò jókòó síbí. Mo máa ń gbọ́ wọn kí wọ́n tó bà."

"Ìwọ tó yẹ kóo wà nídìí iṣẹ́ rẹ?"

"Èwo wá ni ká ṣe, Àǹtí?" mo ní.

"Ohun dídán fún ohun dídán," Adéfúnkẹ́ ní. "Mi ò fẹ́ owó yín. Ẹyẹ kì í bẹ̀rù owó."

A ò mọ èwo nínú àwọn àwo náà ni tiwa. Oòrùn ti pa gbogbo ìkọ̀wé ojú wọn rẹ́, gbogbo wọn la máa kó. Mo wo ojú Ayọ̀túndé, ó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń dún. Mo ṣí báàgì mi. Mo fa dígí yọ.

Adéfúnkẹ́ gbà á, ó yí i padà, ó rí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìṣó kọ orúkọ sí lẹ́yìn. Ó wò mí.

"Níbo ni dígí yìí wà lọ́jọ́ tá a pín nǹkan?"

"Ọwọ́ mi ló wà."

"Olè!" ó ní. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi kó tó rẹ́rìn-ín tán. Ó mú okùn, ó so dígí mọ́ igi tó ga jù. Oòrùn kọ lára rẹ̀ gba ojú oko kọjá, ẹyẹ kan sì fò dìde níbi tí a kò mọ̀ pé ó wà.

Nílé, mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn rírọ̀ fọ àwọn àwo bí abọ́, ìgbẹ́ ẹyẹ ló bo àwọn mìíràn. Wọ́n ti fi ìṣó gbígbóná dá etí gbogbo wọn lu. Mo ní ó ti parí. Ayọ̀túndé fi ìka tọ ọ́ wò, ó ní, "Àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, Mọ́mì. Bí ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ ò bá pọ̀, kò ní dé etí."

Ọlálérè kò gbé fóònù. Ojú mi nìkan ló kù. A ń ki àwo bọ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ka ohun tí mo bá rí. Ìyà ni kẹ́ni máa fi ojú Bíbélì Yorùbá ka Gẹ̀ẹ́sì! Àwọn lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí wọn ò kọ́ mi rí.

"D kékeré ni. R. I. Lẹ́yìn náà A kan tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, tí kò ní ọ̀pá láàárín."

Ayọ̀túndé fò sókè, orí rẹ̀ kan fèrèsé. "Òun ni! Díráfà ni! Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan!"

"Mi ò fọwọ́ kàn án. Má pariwo mọ́ mi."

"Kí ló tún jáde?"

"Àpótí méjì. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N, àgbélébùú tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà nínú ẹ̀. Èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú O tó lanu."

"Ẹ tẹ ti àgbélébùú. Mọ́mì, mo bẹ yín, ẹ má tẹ èyí tó lanu o! Òun ló máa da gbogbo ẹ̀ nù."

"Ṣé mo ti tẹ̀ ẹ́ ni? O ò jẹ́ kí n mí."

Mo tẹ ti àgbélébùú. Ó tún gbé òmíràn jáde, mo tún wá àgbélébùú, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kú fúnra rẹ̀. Mo ní mo ti bà á jẹ́. Ayọ̀túndé ní kí n dákẹ́. Ó tàn padà. Ó ha ọ̀fun. Ohùn onímú dídí yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ òyìnbó, láìmí, bí ẹni tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ fún oṣù kan.

Ayọ̀túndé kò kí mi. Ó fa àga, ó tì mí kúrò lọ́nà pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan.

"Olowaa," ẹ̀rọ ní.

Kò dìde níbẹ̀ àfi láti tọ̀ títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi ni mo ń gbé oúnjẹ tì í. Lọ́jọ́ Àìkú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà lọ bá Olúwarótìmí, iṣẹ́ wà nínú àpò rẹ̀. Akọ̀wé ṣí i wò láti òkè délẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò ti bá a wí. Nígbà tí kò rí, ó ní kí Bọ̀dá Ayọ̀ máa bá a lọ, ìwé ọdún tó ń bọ̀ náà ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọlálérè pè lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní òun ti wà lọ́nà.

Adéfúnkẹ́ fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ìkórè. Ó ní dígí yẹn ju àwo lọ, pé ẹyẹ ò yà wá rárá. Kò dá a padà, mi ò sì béèrè. Bí mo bá fẹ́ jáde báyìí, Ayọ̀túndé ni mo máa ń bi bóyá gèlè mi gún. Á ní ó gún gan-an. Ẹ wo irú ẹni tí mo ń bi! Ẹ̀rọ yẹn ò sì dákẹ́ láti àárọ̀. Mo ti ní kó dín in kù. Ó ní òun gbọ́. Kò gbọ́.