Irin Sísán Tí Wọ́n Kùn Ní Ọ̀dà

Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ ìró òòlù bàbá mi. Ìdí Arẹ̀rẹ̀ níbí ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yìn agbo ilé wa ni bàbá mi ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì, lábẹ́ igi ọ̀dán kan tí ẹ̀yin kò bá mọ́, torí wọ́n ti gé e, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù dípò rẹ̀. Àwọn bọ̀lẹ̀kájà tó ń kó èrò àti ẹrù wọ Ọjà'ba ló sábà máa ń tún ṣe. Ọmọ kékeré ni mí, àmọ́ bí mo bá wà nínú ilé, mo lè sọ irú irin tí bàbá mi ń lù níta. Bí ìró rẹ̀ bá ki, ara ọkọ̀ ni. Bí ó bá ń dún gan-an-ran gan-an-ran, tó ń ha èèyàn létí, a jẹ́ pé bẹ́árìn ló ń lù jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bẹ́árìn jẹ́ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Òrùka irin líle ni, àwọn ọmọ irin róbótó wà nínú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Ó máa ń há pinpin sí ibi tó bá wà, bí ó bá sì bàjẹ́, dandan ni kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó fi òmíràn sí i. Òòlù ńlá ni gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò wa fi ń yọ ọ́ nígbà yẹn. Irin bẹ́árìn kò sì fẹ́ràn òòlù rárá. Ó le jù. Bí wọ́n bá lù ú lódì, ńṣe ló máa ń fọ́ bí àwo tánganran.

Bó ṣe fọ́ lọ́jọ́ kan nìyẹn, tí èérún rẹ̀ fò wọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lójú. Ọmọ ìyá mi ni, ó ti tó ẹni tí ń gbéyàwó, ọ̀dọ̀ bàbá wa ló sì ti ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n sáré lọ pe ìyá mi nídìí àlùbọ́sà tó ń tà ní Ọjà'ba. Àwọn dókítà ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n ojú òsì ẹ̀gbọ́n mi kò ríran mọ́ títí tó fi kú.

Nígbà tí wọ́n dé láti ọsibítù, ìyá mi kò sunkún níwájú wa. Ó kàn dojú kọ bàbá mi, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, òòlù yẹn kò gbọdọ̀ kan bẹ́árìn mọ́ nínú agbo ilé yìí."

Bàbá mi mọ ohun tí wọ́n ń lò láwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Pírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é. Férémù irin gíga ni, ó dúró bí ẹnu ọ̀nà tí kò nílẹ̀kùn. Jáàkì alágbára kan wà lókè rẹ̀, epo ló wà nínú jáàkì náà. Bí èèyàn bá ń fa ọwọ́ rẹ̀ sókè sódò, epo á máa ti ọ̀pá irin kan sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, agbára tó sì wà nínú ọ̀pá yẹn, odindi agbo ilé kò ní in. Bí wọ́n bá fi irin tí bẹ́árìn há sí sábẹ́ rẹ̀, yóò ti bẹ́árìn náà jáde láìsí ariwo, láìsí pé nǹkan kan fò. Àmọ́ tuntun rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ mẹkáníìkì abẹ́ igi ọ̀dán.

Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan ní Bẹyẹrúnkà. Abẹ́ ọ̀gá kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. Òun ló ṣáájú, ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ó ti fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀ nígbà náà, irinṣẹ́ àlòkù ló ń rà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé, tó ń tún tà. Kò sí oúnjẹ ilé wa tí ọkùnrin yìí kò jẹ rí. Lọ́jọ́ tí ojú ẹ̀gbọ́n mi fọ́, ó wà lára àwọn tó jókòó tì wá ní ọsibítù, ó ń fi etí agbádá nu omi ojú.

Òun ló wá sọ pé òun ti rí pírẹ́ẹ̀sì kan ní ilé iṣẹ́ ìlagi tó ti kú. Ó ní, "Nǹkan kan kò ṣe é. Awọ inú rẹ̀ nìkan ló gbó, ló jẹ́ kí epo máa jò. Wálláhì, férémù yẹn á lò ju ẹ̀mí ìwọ àti èmi lọ."

Ìyá mi bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?"

Ó ní kò sí ibi tí ọwọ́ òun kò dé lára rẹ̀.

Ìyá mi kó owó tó fi pamọ́ de àlùbọ́sà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀. Bàbá mi ta kẹ̀kẹ́ tó fi ń lọ ra ẹ̀yà ara ọkọ̀. Orí ọmọlanke ni pírẹ́ẹ̀sì náà gùn dé, wọ́n sì so okùn mọ́ ọmọlanke lẹ́yìn kó má baà sáré já mọ́ àwọn tó ń tì í lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ló wà lára rẹ̀, tuntun, ó ń dán. Ìyá mi ṣe sàráà, ó pín mọ́ínmọ́ín fún àwọn aládùúgbò. N kò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ojú ẹ̀gbọ́n mi ti fọ́.

Bàbá mi kì í lo ẹ̀rọ àlòkù láìtú u. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi sọ jáàkì náà kalẹ̀, wọ́n fi karosíìnì fọ̀ ọ́. Omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jáde, ìpẹtà ni. Wọ́n fi sáńpépà ha inú rẹ̀ títí tó fi ń dán bí ìkòkò tuntun. Bàbá mi ní kí aránbàtà kan ní Kúdẹ̀tì bá òun gé awọ màlúù tó nípọn, ó rẹ ẹ́ sínú epo, ó sì fi igi tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí tó fi rí bí ife kékeré. Awọ yẹn ni kò ní jẹ́ kí epo jò mọ́. Nígbà tí wọ́n tò ó padà, ọ̀pá irin ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ẹ̀kán epo kan lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín.

Ó ku férémù. Bàbá mi ṣàkíyèsí pé ọ̀dà nípọn jù ní ẹsẹ̀ kan, ó sì mú búrọ́ọ̀ṣì onírin, ó ń ha á. Ohun tó ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀dà kì í ṣe ìpẹtà. Pọ́tì ni, ohun tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ fi ń dí ojú ihò kí ara ọkọ̀ lè jọ̀lọ̀. Abẹ́ pọ́tì náà ni irin ti sán. Sísán ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ láti etí kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí kejì. Ẹni tó dí i fara balẹ̀ dí i. Ó tẹ pọ́tì wọlé, ó fi nǹkan ha ojú rẹ̀ kó tẹ́jú, ó wá fi ọ̀dà ewé lé e.

Bàbá mi jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀, ó ní, "Ká ní a ti fi irin líle sábẹ́ rẹ̀ ni, férémù yìí á là sí méjì, ohun tó wà láàárín rẹ̀ á sì fò bí ọta ìbọn." Ojú kan ṣoṣo tó kù fún un ló fi ń wo sísán náà bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn èèyàn rò pé ọmọdé kì í bínú àgbà. Irọ́ ni. Inú mi gbóná. Mo rántí agbádá tí ọ̀rẹ́ bàbá mi fi nu omi ojú.

Bàbá mi lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà, òun nìkan, torí kò fẹ́ ariwo. Nígbà tó dé, ó jíṣẹ́ fún ìyá mi pé ọkùnrin náà ní kò sí àlòkù tí kì í ní àpá, pé pọ́tì yẹn, wọ́n kàn fi ṣe é lẹ́wà ni, pé férémù náà ṣì gbé iṣẹ́ dáadáa. Bàbá mi ní òun rò pé kí àwọn fi sùúrù gbà á, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti ń ṣọ̀rẹ́. Ìyá mi gbọ́ ọ títí dé ìparí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí n jẹ́ ká lọ sí Bẹyẹrúnkà. Kò yà sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà. Ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tó jẹ́ olórí agbo ilé wọn ló gbà lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, n kò wá jà. Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ bá mi mú ọmọ yín wá sí Ìdí Arẹ̀rẹ̀, kó wá fa ẹ̀rọ tó tà fún wa. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Bàbá àgbà náà ní ìyẹn kò le. Ó ránṣẹ́ pè é, gbogbo wa sì jọ fẹsẹ̀ rìn wá. Nígbà tí a ó fi dé ilé, èrò ti ń tẹ̀ lé wa.

Ìyá mi ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé bẹ́árìn sábẹ́ pírẹ́ẹ̀sì. Ó wá yíjú sí ọ̀rẹ́ bàbá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ó gbé iṣẹ́. Ẹ fà á."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní aṣọ funfun ló wà lọ́rùn òun. Ìyá mi mú aṣọ iṣẹ́ bàbá mi wá fún un. Ó ní èjìká ń dun òun. Ìyá mi ní ọwọ́ kan tó o. Ó ní ṣé nítorí irin àlòkù ni àwọn ṣe fẹ́ dójú ti òun. Kò gba aṣọ, kò sún mọ́ ẹ̀rọ.

Ìyá mi fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ wá síwájú rẹ̀. "Ọmọ tó máa lò ó rèé. Ẹ bá wa sunkún ojú rẹ̀. Ibi tí ẹ fẹ́ kó dúró sí ni mo ní kí ẹ̀yin náà dúró."

Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn. Gbogbo èèyàn ló rí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń fà sẹ́yìn.

Bàbá àgbà wò ó títí. Ó ní, "O mọ̀. O mọ̀, o sì tà á fún wọn."

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ parí sí. Bàbá àgbà ní kó lọ wá irin tó yè kooro fún férémù mìíràn, kó sì gbé e dé ẹsẹ̀ bàbá mi. Ó gbé e wá lóòótọ́, irin gbọọrọ méjì tó nípọn, láìsí ọ̀dà. Bàbá mi pe ajórin, wọ́n gé ẹsẹ̀ tó sán dànù, wọ́n jó tuntun mọ́ ọn, wọ́n tún jó èkejì kí agbára wọn lè dọ́gba. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dán an wò, bàbá mi ní kí gbogbo wa bọ́ sẹ́yìn ògiri. Ìyá mi kò lọ. Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ló dúró sí bó ṣe ń fà á. Bẹ́árìn yọ jáde, ó bọ́ sórí àpò tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. A kò tilẹ̀ gbọ́ ọ bó ṣe bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi mú un dání fún ìgbà pípẹ́. Pírẹ́ẹ̀sì yẹn ló fi jẹun, òun ló fi gbéyàwó, òun ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọkùnrin Bẹyẹrúnkà kò gba àdúgbò wa kọjá mọ́. Àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ ní Bàbá Pọ́tì. Nígbà tí ọdún Iléyá dé, ó fi itan àgbò ránṣẹ́. Bàbá mi gbà á. Ìyá mi gbé e, ó dá a padà. Bàbá mi ní ṣebí àwọn ti yanjú ọ̀rọ̀. Ìyá mi fèsì, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ yanjú ẹ̀. Ojú kan tó kù fún ọmọ mi ló fẹ́ fi ṣòwò." Àwọn èèyàn ní ìbínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. N kò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, n kò sì gbà bẹ́ẹ̀ báyìí tí mo ti dàgbà jù ú lọ. Sùúrù bàbá mi ì bá ti sin ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa ń bi mí pé kí ló yàtọ̀ láàárín ìgbà yẹn àti ìsinsìnyí. Ẹ rò pé màá ní èèyàn ìgbà yẹn kì í ṣe èké. Wọ́n ń ṣe é. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín tán. Àmọ́ ẹni tó bá ṣe é, ojú máa ń tì í, olórí ilé rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ dá a lẹ́bi.

Láìpẹ́ yìí, ọkọ ọmọ-ọmọ mi ra táyà tókunbọ̀ ní Bẹ̀ẹ̀rẹ̀. Táyà náà ti gbó, wọ́n fi ọ̀bẹ gé ojú ìlà sí i lára kó lè jọ tuntun, wọ́n fi nǹkan dúdú pa á kó máa dán. Ó bẹ́ lórí eré, àwọn ọmọ sì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Apá èyí àbúrò dá. Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Bẹ̀ẹ̀rẹ̀. Mo gbé táyà náà síwájú ẹni tó tà á, mo ní kó mú irú rẹ̀ tó ń tà fi sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tirẹ̀, kó kó ọmọ tirẹ̀ sí i, kó wà á dé Mólété. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Màmá, ọjà lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ tuntun kó lọ ra tuntun." Ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ń wá ẹni tó máa bá mi wí fún un. Ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀, kò gbójú sókè. Àwọn tó ń ra táyà wà níbẹ̀, wọ́n ń dúnàádúrà lọ. Obìnrin kan tó mọ̀wàá hù fà mí lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Mo ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run kọ́ ló gé táyà."