Ọwọ́ Dufie Nínú Odó

Ẹni tí kò gbé ìlú Mampong rí, níbi tí wọ́n ti ń gún gbágùúdá sísè bí iyán tí wọ́n ń pè é ní fùfú, ló máa rò pé ẹni tó ń gún un ló ń ṣiṣẹ́. Irọ́ ni o! Ẹni tó jókòó ti odó, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí fùfú kí ọmọ odó tó tún balẹ̀, òun ló fi ara wewu.

Nínú ilé wa, Dufie ló ń yí i, Ntim ọkọ rẹ̀ ló ń gún un. Lọ́jọ́ burúkú yẹn, ẹnì kan tó ń kọjá kí Ntim, ó sì yíjú láti dáhùn. Ẹ gbà mí, ta ní ń yíjú nídìí odó? Ọmọ odó bá fọ́ ọwọ́ Dufie. Ọsíbítù gé ìka méjì.

Ojú ọgbẹ́ jinná, Dufie kò jinná. Ó ń fi aṣọ bo ọwọ́ náà. Kò lọ síbi ìsìnkú mọ́, torí gbogbo èèyàn lèèyàn ń bọ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀, ẹni tó bá sì na ọwọ́ òsì ti rí èèyàn fín. Nọ́ọ̀sì ní kó máa lo àwọn ìka tó kù, kó máa jáde sáàárín èèyàn. Ṣùgbọ́n ti Ntim ló dun Dufie jù. Bí ọwọ́ yẹn bá ti yọ, ilẹ̀ ni Ntim ń wò. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí!

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, Dufie fọ odó, ó kó gbágùúdá sísè sí i, ó jókòó.

"Ntim, wá gún un."

"Ṣebí mo ní ká ra kẹ́ńkì alágbàdo jẹ?"

"Mi ò jẹ kẹ́ńkì. Gbé ọmọ odó."

"Jẹ́ kí Maame Ayọ̀ bá ẹ yí i."

"Ẹ yọ tèmi kúrò níbẹ̀ o!" ni èmi Maame Ayọ̀, alábàágbé wọn, fèsì.

Dufie tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ odó. Ntim gbé ọmọ odó sókè, ó gbójú sápá kan, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni kó o wò!" Dufie pariwo. "Tó ò bá wò ó, wàá tún fọ́ ọ ni!"

Ntim wò ó. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún, ó ń wò ó, ó ń gún. Gbì! Dufie yí i. Gbì! Ó yí i. Wọ́n ń bá a lọ títí fùfú fi dán.

Ntim bu omi wá, ó kúnlẹ̀, ó ń fọ fùfú kúrò lára ọwọ́ náà, títí dé ibi tí ìka ò sí mọ́.

"Ṣé ó ṣì ń dùn ẹ́?" Kò bi í rí látọjọ́ burúkú yẹn.

"Ó ń dùn mí," ni Dufie fèsì. "Má tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀."