Ìròyìn Tí Mo Gbé Pamọ́ Yípo Dubai

Inú ilé ìwẹ̀ ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi pè láti Ìbàdàn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Àbúrò màmá wa, ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún wọn láyé, ti kú. Wọ́n dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án àná láti sinmi, wọn ò jí mọ́. Mi ò tíì mí kanlẹ̀ tí àṣẹ fi bẹ̀rẹ̀.

"Má sọ fún màmá o. O mọ BP wọn. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wálé, àwọn àgbà ẹbí máa jókòó tì wọ́n ká tó túfọ̀. O mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Bọ̀ọ̀dá, tour la fẹ́ lọ lónìí o, àárọ̀ dalẹ́. Ojú wo ni kí n fi máa wò wọ́n?"

"Ẹ lọ tour yín. Ṣáà ti máa rẹ́rìn-ín."

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Sharjah. Èmi ni mo máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún ọmọ ọlọ́mọ, ní ohùn pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Nígbà tó wá kan ìyá tó bí mi lọ́mọ, wọ́n ní kí n máa rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ju fóònù náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí omi sílẹ̀ kó máa pariwo, mo sunkún díẹ̀, mo fọ ojú mi, mo jáde.

Màmá mi ti múra tán. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi nínú yàrá tí èmi àti nọ́ọ̀sì méjì jọ ń gbé ní àdúgbò Rolla, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n sì wọ kánfáàsì tuntun. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi wà lọ́dọ̀ mi, iṣẹ́ ni mò ń sá lọ, iṣẹ́ ni mò ń sá bọ̀. Ọjọ́ yìí nìkan ni mo rí gbà.

"Kí ló dé tójú ẹ pọ́n?"

"Ọṣẹ ló kó sí i, mà."

Àwa mẹ́rìnlá ni bọ́ọ̀sì kó lọ sí Dubai. Ọmọ Íńdíà kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni afinimọ̀nà wa. Ó na àsíá kékeré kan sókè, ó ń pariwo pé ká máa lọ, "Yalla, yalla, Mama first!" Ó fẹ́ràn màmá mi lójú ẹsẹ̀, torí gbogbo ohun tó bá ṣàlàyé ni wọ́n ń kígbe "Hẹ̀n-ẹ́n!" sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Ó mú wa gba àárín àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta inú òkun mọ. Ó fi ilé gogoro hàn wá, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa fa atẹ́gùn wọ yàrá kí iná mànàmáná tó dé. Màmá mi dúró sábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbójú sókè, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn lójú.

"Àbúrò mi gbọ́dọ̀ rí èyí. Bá mi pè é, kó wò ó lórí fídíò."

"Ìpè fídíò kì í wọlé nílùú yìí, mà."

Òótọ́ ni mo sọ. Kì í wọlé lórí áàpù tí gbogbo wa ń lò nílé, ọjọ́ yẹn sì ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ pé kì í wọlé. Fóònù tiwọn náà kò ní laini ibí. Íńtánẹ́ẹ̀tì mi ni wọ́n ń lò, mo sì ti gé e kúrò lára fóònù wọn láti àárọ̀.

A wọ abra, ọkọ̀ ojú omi onígi tó ń gbéni sọdá. Màmá mi di ọwọ́ mi mú débi pé ó dùn mí. Nígbà tí a dé àárín omi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi ló ní ojo ni mí, pé mi ò lè wọ ọkọ̀ ojú omi láéláé. Ya fọ́tò mi. Kó rí i pé mo wọ̀ ọ́, mi ò sì kú."

Mo ya fọ́tò náà.

Nínú ọjà tó wà lódìkejì, méjì-méjì ni wọ́n ń ra nǹkan. Tùràrí méjì, ìborùn méjì. Wọ́n gbé ìborùn síwájú mi, wọ́n ní kí n sọ èyí tó máa bá àbúrò àwọn mu. Mo nawọ́ sí aláwọ̀ ojú ọ̀run. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á dé. Bí wọ́n bá ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀, ta ni mo fẹ́ ké sí? Nílé, ọwọ́ tó máa gbà wọ́n mú kò lóǹkà. Níhìn-ín, èmi nìkan ni, pẹ̀lú onítùràrí tó ń pè wá ní "sister". Bọ̀ọ̀dá mi jàre, ìyẹn gan-an ló tún ń bí mi nínú.

Ní ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì gbé wa padà sí Sharjah, sí àdúgbò àtijọ́ ìlú náà. Afinimọ̀nà fún wa ní ogún ìṣẹ́jú. Màmá mi jókòó sórí ògiri kúkúrú kan, wọ́n bọ́ kánfáàsì.

"Bí ìpè ò bá wọlé, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ńkọ́?"

Irọ́ ti tán nínú mi. Mo gbé fóònù mi fún wọn, mo bá wọn tẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ ìyá mi, ṣó o ń gbọ́ mi? Mo wọ ọkọ̀ ojú omi o! Ìwọ tó o pè mí lójo. Mo ra ìborùn fún ẹ, má jẹ́ kí ọmọ ẹ fi ọgbọ́n gbà á o. Lọ́jọ́ Sunday, wá bá mi nílé, màá rò gbogbo ẹ̀ fún ẹ."

Wọ́n gbé ìka kúrò, ó lọ. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Kò pẹ́, àmì méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ di búlúù: ẹnìkan ti ṣí i.

"Ó ti gbọ́!" Màmá mi pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Èsì wọlé. Wọ́n na fóònù jìnnà sójú, wọ́n kà á fúnra wọn: "Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Mo ti gbọ́. Ẹ máa gbádùn ara yín."

Wọ́n tún un kà.

"Sìsítà mi ni àbúrò mi ń pè mí," wọ́n ní. "Láti kékeré. Ọmọ ẹ̀ ló ń pè mí ní Mọ́mì."

Wọ́n yíjú sí mi.

"Kí ló dé tí ọmọ ẹ̀ ń bá a fèsì?"

Mo di ọwọ́ wọn mú. Mi ò mọ ìgbà tí ìka mi lọ sí ọrùn ọwọ́ wọn, tó ń ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Màmá mi wo ìka náà. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́. Afinimọ̀nà ń ju àsíá lókèèrè, ó ń pe Mama.

Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra, pé kí wọ́n mí sínú. Ẹkún ló jáde, ẹkún ńlá, lójú gbogbo àwọn tí a jọ wọ bọ́ọ̀sì. Màmá mi fà mí mọ́ra, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, wọ́n ń sọ pé, "Ó ti tó, ọmọ mi, ó ti tó." Ẹni tí àbúrò wọn kú ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.