Fídíò Tí Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Jọ Ṣe

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò rọrùn láti ṣàlàyé fún àwọn ará ilé wa ní Bẹyẹrúnkà. Bí ẹnì kan bá ṣe ìkànnì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì fẹ́ kí aráyé máa lò ó, èmi ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kí n ṣe fídíò kékeré tí yóò fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han èèyàn. Màá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mi, màá máa tẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan, màá sì máa sọ ohun tí mò ń ṣe. Ohun tí àwọn ará ilé mọ̀ kò ju pé mo máa ń ti ilẹ̀kùn, tí mo máa ń da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí nínú ooru, kí ariwo ẹ̀rọ ata tó wà lẹ́yìn fèrèsé mi má baà wọnú ohùn mi.

Lọ́dún tó kọjá, iléeṣẹ́ kékeré kan ṣe ìkànnì tí èèyàn lè fi gba nọ́ńbà láti rí dókítà láìkúrò nílé. Wọ́n fẹ́ fídíò rẹ̀ lédè Yorùbá. Inú mi dùn, nítorí mo mọ ẹni tí yóò wúlò fún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ń ṣe ọṣẹ dúdú, wọ́n sì ń tà á ní Ọjà'ba. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń dà wọ́n láàmú. Bí ọjọ́ dókítà bá pé, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán ni wọ́n máa ń jáde lọ tò sórí ìlà, oòrùn á sì ti kan àtàrí kí wọ́n tó rí dókítà.

Mo jókòó kọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Yorùbá tó dán mọ́rán ni. Mo kà á, mo gé gbogbo ibi tí mo ti húkọ́, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n yìn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ láti iléeṣẹ́ náà pè mí.

"Àǹtí, àwọn èèyàn ń wò ó o, ṣùgbọ́n tó bá ti dé àárín, wọ́n á pa á. Wọn ò sì gba nọ́ńbà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo mú fóònù lọ bá Ìyá lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń gún ọṣẹ. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wo fídíò náà tán, wọ́n kọjú sí mi.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀?"

"Àwọn èèyàn ni, Ìyá."

"Èèyàn wo? Ò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó wọ̀ mí lára. Mo ṣí ìkànnì náà, mo ní kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, fóònù ò dáhùn, torí eérú ọṣẹ ti mú ìka wọn gbẹ. Wọ́n ti ìka bọ omi díẹ̀, ó gbà. Síbẹ̀, nígbà tó kù kí wọ́n mú ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà, wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bí mo bá lọ tẹ èyí tí kò yẹ kí n tẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò ní bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Wọ́n gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, n kò sì mẹ́nu kan ẹ̀rù rárá. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe òmíràn. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì máa bi mí léèrè."

"Èmi? Nínú íńtánẹ́ẹ̀tì?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá lọ pààrọ̀ ìborí wọn, bí mo tilẹ̀ sọ fún wọn pé ohùn wọn nìkan làwọn èèyàn máa gbọ́.

Ọ̀sán Jímọ̀ la ṣe é, nígbà tí ẹlẹ́rọ ata ti lọ kírun. Ní àárín rẹ̀, Ìyá ṣì í tẹ̀, wọ́n mú dókítà àwọn ọmọdé.

"Yéè! Mo ti di ọmọ jòjòló!"

Mo fi bí wọ́n ṣe máa padà hàn wọ́n. Wọ́n padà, wọ́n mú èyí tó tọ́, wọ́n mí kanlẹ̀. "Àṣé kì í bu èèyàn jẹ."

Nígbà tí mo fẹ́ gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Má gé e. Ibẹ̀ làwa tó kù wà."

Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún pè. "Àǹtí, ẹ gbàgbé láti yọ ibi tí Màmá ti ṣì í tẹ̀."

"Mi ò gbàgbé."

Ó ní òun á bi ọ̀gá òun. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó gbé e síta. Mo fi sórí Wásáàpù mọ̀lẹ́bí wa, Ìyá ní kí n fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ alásàlátù wọn pẹ̀lú. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè Bọ́lá fi ránṣẹ́ sí èmi gan-an: "Gbọ́ ìyá yìí, wọ́n pa mí lẹ́rìn-ín." Kò mọ̀ pé ilé wa ló ti wá.

Nígbà tí ọjọ́ dókítà pé, a jẹ ẹ̀kọ wa tán pẹ̀lú ìrọ̀rùn ká tó jáde. Bí a ṣe dé ilé ìwòsàn, tí Ìyá ń kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, obìnrin kan yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ di ọmọ jòjòló?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní òun náà ṣì í tẹ̀, òun sì padà bí Ìyá ṣe padà. Bí èèyàn ṣe ń pààrọ̀ ọjọ́ nìkan ni kò yé òun. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sún mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì pe nọ́ńbà wa. Ìyá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀, àwọn ń bá ẹnì kan mú ọjọ́.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wálẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n máa lo oògùn wọn lọ. A gba òkè Mapo padà sílé, a ra àkàrà gbígbóná lọ́nà, a sì ń jẹ ẹ́ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.