Bàbá Tó Ní Kí N Kọ Márùn-ún

Títí dòní, inú máa ń bí mi bí mo bá rántí fọ́ọ̀mù yẹn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Ìfọ̀ ni ọ́fíìsì wa wà nígbà náà, iléeṣẹ́ omi ìjọba kékeré kan tó ní ẹ̀rọ ìfami káàkiri. Èmi ni akọ̀wé. Ọ̀gá wa gbé fọ́ọ̀mù kan bọ̀ láti ìpàdé: kí ibùdó omi kọ̀ọ̀kan yẹ ara rẹ̀ wò, kí ó sì fún ara rẹ̀ ní máàkì, láti oókan dé márùn-ún. Ibi tí máàkì bá ti kéré ni wọn yóò gbé ẹ̀rọ tuntun lọ láàárín ọdún mẹ́ta tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, mi ò ní purọ́. Ẹni tó mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò ló ń mọ iye páànù tí yóò rà.

Wọ́n ní kí n lọ bá bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wa ní Ìbàfò kọ tirẹ̀, torí kò mọ̀wé. Ó ti lo ọdún gbọọrọ níbẹ̀, àmọ́ wọn ò tíì gbà á síṣẹ́ pátápátá. Lẹ́tà kan ṣoṣo ti tó láti lé e lọ sílé, ó sì mọ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀rọ ń wúkọ́ lẹ́yìn wa. Kò tíì pẹ́ tí mo jókòó tí ẹ̀rọ fi dákẹ́, Bàbá dìde, ó rọ omi sí i lẹ́nu, ó lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

“Bàbá, báwo lẹ ṣe rí ẹ̀rọ yín sí?”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Máàkì mélòó ni kí n kọ, sà?”

“Kọ márùn-ún.”

“Ẹ̀rọ tó ń wúkọ́ yìí, Bàbá?”

“Ọmọ mi, bí mo bá ní kò dáa, wọ́n á ní èmi ni mi ò dáa. Wọ́n á wá ọmọ tó jáde polí gbé síbí. Jọ̀ọ́, kọ márùn-ún.”

Mo ṣàlàyé títí pé kì í ṣe ìdánwò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìjọba kì í bèèrè ọ̀rọ̀ lásán. Mo kọ ọ́. Mo sọ fún ara mi pé ọmọdé kì í yí ọ̀rọ̀ àgbà padà lójú rẹ̀. Irọ́ ni. Oòrùn ń pa mí, Mowé ṣì kù tí mo fẹ́ dé, ilé ló wà lọ́kàn mi.

Ìyá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní Mowé ní tiẹ̀ ráhùn débi pé oókan ló fún ara rẹ̀. Nígbà tí ètò jáde, òun ló gba ẹ̀rọ. Wọ́n ní Ìbàfò ò nílò nǹkan kan. Ìbẹ̀rù mú mi. Mo sáré lọ bẹ Bàbá pé kó jẹ́ ká kọ lẹ́tà, ká sọ òótọ́. Ó kọ̀ jálẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà fún ẹ̀rọ bí ẹni ń gbàdúrà fún aláìsàn.

Nínú ọyẹ́, ẹ̀rọ Ìbàfò nọ́ọ̀kì, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kẹ́ẹ̀gì tò dé títì. Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Bàbá wá sí Ìfọ̀, ó ṣí fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ ní ẹ̀rọ yìí péye. Oṣù mélòó péré nìyí? Kí lẹ wá fi ṣe é?”

Bàbá wò mí. Ọ̀gá náà wò mí. “Akọ̀wé, ṣé ohun tó sọ nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Mi ò fi kún un pé ẹ̀rọ ń wúkọ́ lọ́jọ́ náà. Bí mo bá fi kún un, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mo kọ márùn-ún, iṣẹ́ tèmi náà á sì lọ. Ẹ̀rù bà mí, kò sí àwáwí mìíràn.

Èmi ni wọ́n ní kí n táìpù lẹ́tà ìdádúró rẹ̀. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń dúró. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà fún un. Ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó dá a padà fún mi.

“Bá mi kà á.”

Mo kà á fún un látòkè délẹ̀. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń kà á. Ó fọwọ́ lé mi lórí, ó ní kí n má sunkún, pé èmi kọ́ ni mo purọ́.