Omi Balùwẹ̀ Wa àti Àwọ̀n Màmá

Ṣáwà wà nínú balùwẹ̀ wa ní Ìlasan, àmọ́ ọ̀ṣọ́ lásán ni. Omi kì í sábà gun òkè dé fúláàtì wa, korobá àti kọ́ọ̀pù ni gbogbo wa fi ń wẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló ni fúláàtì náà, ó ní ó jìnnà sí ọ́fíìsì òun, ló bá fi háyà fún èmi àti ọkọ mi. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tó ṣe fún wa ni pé ká má ba páìpù òun jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ọ̀gá, kí la fẹ́ fi páìpù ṣe?” Àṣé ẹnu mi ni mo fi ń pè é.

Mo bí àkọ́bí mi, ọkùnrin, ni ìyá ọkọ mi bá ti Lákowe dé láti wá bá wa wẹ ọmọ. Màmá ni mò ń pè wọ́n. Ẹrù wọn kún bámúbámú: ọṣẹ dúdú, òrí, ìdì kànrìnkàn gbàǹgbà kan, àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi àjákù àwọ̀n dì, torí ìdílé apẹja ni wọ́n. Tí Màmá bá ń wẹ ọmọ, ẹ ò ní fẹ́ wò ó. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, wọ́n á wá fi kànrìnkàn bò ó bí ìgbà tí wọ́n ń fọ ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jù ú sókè, wọ́n á hán an. Èmi á dijú pa. Ọmọ á ké, á sì sùn fọnfọn títí di ọ̀sán. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ṣùgbọ́n ní Lákowe, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń wẹ ọmọ, lórí iyanrìn. Ẹ da omi sílẹ̀, iyanrìn á fà á mu, ó parí. Balùwẹ̀ tiwa ní ihò kan ní kọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo omi ní láti gbà. Kò pẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Ó di pé ó ń dúró. Ó di pé Màmá ń wẹ ọmọ, omi ọṣẹ ń mu wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ọmọ jáde, inú ń bí wọn. “Ìyàwó, ṣé inú irú omi yìí ni ẹ fẹ́ kí n ti máa wẹ ọkọ mi? Ẹ gbọ́ o. Tí omi yìí ò bá lọ, èmi ń gbé ọmọ lọ sí Lákowe. Ìwọ á padà sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ẹ, èmi á máa tọ́jú ẹ̀ níbi tó mọ́.”

Àyà mi já. Ẹ má rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wọn láti kékeré, wọ́n sì tọ́jú ẹ̀ dáadáa, ọmọ náà ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n tí ìyá ẹ̀ bá lọ kí i, “Àǹtí, ẹ káàbọ̀” ló máa ń kí i. Ìṣojú mi ni. Èmi kọ́ ni wọ́n máa pè ní àǹtí!

Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn. Ó mú igi ìgbálẹ̀ gígùn, ó ń gún ihò náà kíkankíkan. Omi tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kò burú, òun á lọ gba ásíìdì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣáàjì bátìrì nísàlẹ̀, òun á dà á síbẹ̀.

“Ásíìdì kẹ̀? Níbi tí ìyá ẹ ń fẹsẹ̀ lásán jókòó sí? Tó bá ta sí ọmọ lára ńkọ́? Páìpù rọ́bà onílé ńkọ́?” Mo pariwo débi pé aládùúgbò kan kàn wá lẹ́kùn, ó ní ṣé kò sí wàhálà. Mo ní kò sí, sà, ọkọ mi ló fẹ́ pa wá.

Mo bá ká ìró mi sókè, mo wọlé. Mo ní kí Màmá gbé ọmọ sí yàrá, kí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo ṣí fèrèsé balùwẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Mo fi abọ́ gbọ́n gbogbo omi sínú korobá títí ihò fi hàn. Mo wọ láílọ́ọ̀nù sọ́wọ́ méjèèjì, mo so ó nídìí, mo fi ìdí ṣíbí yọ ìdérí irin. Mo wá na hángà onírin kan títí ó fi tọ́, mo tẹ ẹnu ẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. N kò gún nǹkan kan o. Mo kàn tì í wọlé jẹ́jẹ́, mo yí i, mo fà á.

Yéè! Òórùn tó jáde, ẹ má jẹ́ n ròyìn ẹ̀. Ohun tó jáde tẹ̀ lé e gùn, ó dúdú, ó ń yọ̀. Ọkọ mi ní irun orí mi ni. Mo ní irun orí tiẹ̀ ni. Mo fi omi ṣàn án. Fọ́nrán kànrìnkàn ni, òrí àti ọṣẹ dúdú ló lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ọkọ mi ti lanu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ta ló máa wo ojú ìyá ọkọ ẹ̀, kó ní, “Ẹ̀yin lẹ dí i”? Mo fẹ́ fi láílọ́ọ̀nù wé e kí n lọ jù ú nù, àfi bí mo ṣe gbúròó Màmá lẹ́yìn mi. Ọmọ ti sùn.

Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. “Kànrìnkàn mi rèé.”

“Màmá, kì í ṣe...”

“Mo ní kànrìnkàn mi ni. Ṣé n kò ní mọ kànrìnkàn mi ni?” Wọ́n yí padà, wọ́n wọ yàrá lọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ń tú ẹrù wọn. Mo ní ó tán, ojú ń tì wọ́n, wọ́n ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn, ọmọ mi náà sì ń lọ. Mo da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí mo po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ sínú ihò náà. N kò lo omi híhó, kí páìpù má baà tẹ̀.

Màmá padà dé pẹ̀lú àjákù àwọ̀n tí wọ́n fi di ẹja wá. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́nu ihò, wọ́n ní kí n gbé ìdérí lé e. Wọ́n ní, “Gbogbo ohun tó bá jáde lára kànrìnkàn, ibẹ̀ ni kó dúró. Lójoojúmọ́ ni kó o máa ṣí i, kó o gbọn ìdọ̀tí ẹ̀ nù.” Ọkọ mi da korobá omi kan sílẹ̀. Omi náà yí lẹ́ẹ̀kan, ó dún gbururu, ó lọ. Màmá ní, “Ẹ̀n-ẹ́n.” Wọn ò sọ̀rọ̀ Lákowe mọ́, èmi náà ò béèrè, àmọ́ ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Ọjọ́ tí ọmọ pé ogójì ọjọ́, Màmá ní kí èmi jókòó sórí àpótí. Mo ní n kò lè ṣe é, ọmọ á yọ̀ bọ́. Wọ́n ní, “Na ẹsẹ̀ ẹ.” Mo nà á. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bú mi bí mo ṣe ń wẹ ọmọ: orí ńkọ́, abẹ́ ọrùn ńkọ́, ṣé o ń bẹ̀rù ẹ̀ ni? Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n wo ilẹ̀ títí omi fi lọ tán.

“Omi ń lọ,” ni wọ́n wí. “Èmi náà á máa lọ.”

Àṣé wọ́n ti di ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo wò ó, kò sí aṣọ ọmọ kankan nínú ẹ̀. Mo bú sẹ́kún.

“Kí lò ń sunkún fún? Ṣebí ohun tó o fẹ́ nìyẹn?”

“Màmá, ẹ dúró díẹ̀ sí i.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ojú mi, wọ́n ní kí n tọ́jú àwọ̀n náà. Mo tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ihò náà ni mo ti ń wẹ ọmọ náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lanu pè mí, tó ní, “Màmá.”