Ọjọ́ tí Bàbá Mi Di Ẹlẹ́hàá

Òórùn kánfọ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Alhájà, ìyá bàbá mi, ti ṣí àpótí rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá tí a jọ ń sùn, ó ń da aṣọ sílẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ọjọ́ kìíní ọdún tuntun ni, àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, rédíò sì ń pariwo pé kí gbogbo mínísítà lọ fara hàn ní àgọ́ ọlọ́pàá tó bá sún mọ́ wọn. Mínísítà ni bàbá mi.

Lọ́ọ́yà ni kó tó di olóṣèlú. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà l'Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, kò sì sí ẹni tó lè pa á lẹ́nu mọ́ ní kóòtù. "Ikú yá ju ẹ̀sín" ló fi tọ́ wa. Bí a bá purọ́, ikú yá ju ẹ̀sín. Bí a bá gba òdo nínú ìṣirò, ikú náà ló yá. Nígbà tó di mínísítà, ó jókòó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní ọ̀tá ìlú ni gbogbo onífàyàwọ́. Alhájà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Aṣọ fàyàwọ́ láti Kútọnu ló ń tà, èrè rẹ̀ ló sì fi rán bàbá mi lọ kọ́ ìmọ̀ òfin nílùú òyìnbó.

Láàárọ̀ yẹn, bàbá mi ti wọ súùtù dúdú rẹ̀. Ó ní òun ò jalè, òun ń lọ rojọ́ òun. Alhájà ní kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́. Ó na aṣọ ẹlẹ́hàá kan sí i, dúdú látòkè délẹ̀.

"Alhájà, ikú yá ju ẹ̀sín o."

"Làmídì, bó o bá kú, ta ni yóò sin mí?"

Bàbá mi gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ súùtù. Lójú mi báyìí ló ṣe di ẹlẹ́hàá, pẹ̀lú ìbòjú àti ìbọ̀sẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu débi pé n kò lè sunkún.

Ọ̀kan nínú àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń bá Alhájà gbé aṣọ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó gbé bàbá mi gba ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kọjá sí Kútọnu. A ò tíì dé ìdí mọ́tò tí Bàbá Káfíńtà, arúgbó tó kọjú sí ilé wa, fi yọ sí wa.

"Ẹ kú ọdún o, Alhájà! Ta la rí yìí?"

"Ìyàwó àfáà wa ni. Ara rẹ̀ ni ò yá."

Ṣé ẹ rántí bí àwọn olóṣèlú ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbàlagbà nígbà ìbò? Ó ti mọ́ bàbá mi lára. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, àyà ń tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́hàá fẹ́ dọ̀bálẹ̀! Alhájà fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà, ló bá fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú eruku, níwájú ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó bá òun wá iṣẹ́ fún ọmọ. Bàbá Káfíńtà wò ó títí.

"Dìde, ìyàwó. Ọlọ́run á mú ọ dé ibi tí ò ń lọ." Bàbá Káfíńtà ò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn sójà dé. Nígbà tí wọn ò bá bàbá mi nílé, wọ́n mú Alhájà. Wọ́n ní ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá yọjú ni àwọn á fi í sílẹ̀. Dẹ́rẹ́bà gbé ọ̀rọ̀ náà dé Kútọnu. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, torí pé lójú tèmi, bàbá mi ò lè gbọ́ irú rẹ̀ kó má padà. Kò padà. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu ju aṣọ ẹlẹ́hàá lọ.

Àkókò òjò ti wọlé dáadáa kí wọ́n tó tú Alhájà sílẹ̀. Ó ti gbẹ, ńṣe ni wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Kò tíì jókòó tó fi béèrè pé, "Làmídì ò wá, àbí?"

Ìyá mi ní kò wá, ó sì fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Alihamudulilahi," ni Alhájà wí, ó wá ní kí wọ́n fún òun lómi.

Bàbá mi padà sílé nígbà tí ìjọba mìíràn dé, ó tún ń ṣe lọ́ọ́yà rẹ̀ lọ. N ò bi í rí pé kí ló dé tí kò fi padà nígbà tí wọ́n mú Alhájà. Mo ti dàgbà ju bó ṣe wà nígbà náà lọ báyìí, ọmọkùnrin mi náà sì ti wọ òṣèlú. Ọmọbìnrin tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn ṣì wà nínú mi, kò tíì dárí ji bàbá rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá kírun tán, tí mo dé orí àdúrà ọmọ mi, ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, tí ọmọ mi sá lọ, tí wọ́n mú mi dípò rẹ̀, kó má padà wá.